Ilẹ̀ Ifẹ̀ Lára Bébà

Lójú ọ̀nà Ondó, bí a bá ti ń jáde ní Ilé-Ifẹ̀, òkè kan wà tí katakata gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti ń bu ilẹ̀ tí mo fi ń ṣe ọ̀dà olómi. Òkè rẹ̀ pọ́n bí epo, àárín rẹ̀ dà bí ìyeyè tó gbó, ìsàlẹ̀ pátápátá sì funfun bí ẹfun.

Ìyá àgbà mi ló kọ́ mi mọ ilẹ̀. Bí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ kan, òun àti àwọn ìyàwó ilé a máa ra ògiri agboolé wa: ilẹ̀ pupa nísàlẹ̀, ẹfun lókè, èédú lílọ̀ ni wọ́n sì fi ń fa ìlà sáàárín. Kì í jẹ́ kí a fi ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bù kun ilé. A ó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, iyanrìn á rì, a ó rọra da omi pupa orí rẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn, a ó sì dúró kí ó silẹ̀. Èyí tó bá silẹ̀ níkẹyìn ni a ó sá, tí a ó lọ̀. "Bí ọlọ bá ṣì ń ké, kò tíì kúnná," ni Ìyá àgbà máa ń wí.

Bí mo ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn. Oje igi àti oyin nìkan ni mo fi kún un. Oje náà, tí àwọn Hausa ń pè ní karo, ni mo ń rà ní Sábó. Ara igi ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ Borno àti Yobe ni wọ́n ti ń gbà á. Òun ló ń di ilẹ̀ mú mọ́ bébà. Oyin ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ kó sì sán.

Ọ̀rọ̀ oje yìí máa ń dùn mí. Ní 1781, William Reeves àti Thomas arákùnrin rẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ ní London nítorí pé wọ́n ṣe ọ̀dà olómi ní ègé kéékèèké tí ayàwòrán lè kó sápò. Láìsí oje igi, ègé bẹ́ẹ̀ á fọ́ dànù; etí odò Senegal sì ni àwọn òyìnbó ti ń ra ọ̀pọ̀ oje wọn lásìkò náà. Ohun tó ti Áfíríkà lọ padà dé ọ̀dọ̀ wa nínú páálí, a sì ń fi owó gọbọi rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ọdún 1986. Owó oúnjẹ mi fún ọ̀sẹ̀ kan ò tó ra túùbù ọ̀dà kan. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Moyọ̀ Òkédìjí, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, ń fi ilẹ̀ yàwòrán. Terrachroma ló pe ọgbọ́n náà. Ó ti wo iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, tí wọ́n ń tún ògiri rẹ̀ kùn lọ́dọọdún. Ní 1989, òun, Kúnlé Filani, Bọ́lájí Campbell, Tọ́lá Wewe àti Túndé Nasiru dá ẹgbẹ́ ayàwòrán tí wọ́n pè ní Ọ̀nà sílẹ̀. Campbell kọ odindi ìwé lórí àwòrán ara ògiri ojúbọ, tó jáde ní 2008.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé àìní ló bí ọ̀dà ilẹ̀. N kò gbà. Àìní lé wa kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti mọ iṣẹ́ náà kí ṣọ́ọ̀bù tó dé. Lára àwọn orí amọ̀ Ifẹ̀, tó ti tó nǹkan bí 700 ọdún, a ṣì ń rí orípa pupa, funfun àti dúdú.

Mo ti fìgbà kan rò pé àwọ̀ mẹ́ta yìí kéré. Lọ́jọ́ kan, mo da ilẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè sínú agbada lórí iná, mo ń rò ó. Kò pẹ́ tó fi pọ́n wẹ̀ lójú mi. Irin kan náà ló wà nínú ilẹ̀ pupa àti ilẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè. Iná kàn gba omi tó so mọ́ irin náà ni. Pupa ni Ìyá àgbà ń pe méjèèjì látijọ́, èmi sì rò pé kò rí ìyàtọ̀ wọn.

Osùn ló já mi kulẹ̀. Ara igi ló ti wá, oòrùn sì ń jẹ ẹ́. Àwòrán ìyàwó tí mo fi osùn kùn, tí mo gbé kọ́ sítòsí fèrèsé, ti ṣá tán. Ilẹ̀ tí mo fi kun ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ò yí padà rárá.

Láti ọdún tó kọjá ni àwọn onítípà ti ń kó ilẹ̀ òkè náà lọ dí ìpìlẹ̀ ilé. Apá tó dà bí ìyeyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo bu agolo mẹ́fà níbẹ̀, mo kọ "ọ̀nà Ondó" sára wọn, mo sì tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn mi.