Ìtàn Ànàmọ́ Òyìnbó àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àwa tí a ń gbé Falconridge ní ìlú Calgary mọ̀ pé ànàmọ́ òyìnbó ni ó ń gba ipò iṣu nínú ìkòkò wa. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ ìtàn rẹ̀?

Orí òkè Andes, ní ilẹ̀ Peru àti Bolivia, ni a ti kọ́kọ́ gbìn ín. Àwọn ará Spain ni ó gbé e dé Yúróòpù. Nígbà tí ó fi di ọdún 1845, àìmọye tálákà ilẹ̀ Ireland ni kò ní oúnjẹ mìíràn. Ẹ̀yà kan ṣoṣo, Lumper, ni púpọ̀ nínú wọn sì ń gbìn. Bí a ti ń gbin ebu iṣu ni a ń gbin ànàmọ́, nítorí náà gbogbo Lumper bá ara mu bí ìbejì. Àrùn tí ó lè pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn.

Ọdún náà ni àrùn dé. Ewé dúdú, ànàmọ́ rà nínú ilẹ̀, ebi sì mú kí àwọn àgbẹ̀ jẹ ebu wọn. Títí di ọdún 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú; àwọn tí ó sá kúrò nílùú lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ọdún 1847, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn kú sí erékùṣù Grosse Île, ní ẹnu ọ̀nà Canada yìí. Síbẹ̀, ọkọ̀ ń kó ọkà àti ẹran jáde láti Ireland. Kì í ṣe àrùn nìkan ni ó pa wọ́n. Ìjọba tí kò ka ebi tálákà sí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kí ni ó kàn wá? Òkè Jos ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ànàmọ́ òyìnbó Nàìjíríà ti ń jáde. Àrùn yìí kan náà ba oko jẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 2014.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé níhìn-ín ní oṣù karùn-ún, kí ó ra ebu tí a ti yẹ̀ wò, kí ó má mú ti ọjà oúnjẹ. Kí ó kó ebè jọ bo ìdí rẹ̀, kí ó má bu omi sórí ewé, kí ó má gbìn ín sójú kan lọ́dọọdún. Bí ewé kan bá dúdú, kí ó tètè fà á tu, nítorí afẹ́fẹ́ a máa gbé àrùn náà fo ọgbà lọ bá aládùúgbò.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Orílẹ̀-èdè wa tí ó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé orí epo rọ̀bì, ǹjẹ́ ó ti gbọ́ ìtàn Ireland?