Ìgbìmọ̀, Ìbò àti Ìṣúná: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Pinnu Owó Ìlú



Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ó gbé yẹ̀ wò: ìgbìmọ̀, ìbò àti ìṣúná. Ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìtàn tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni ibi tí a ti ń pa ìmọ̀ pọ̀. Ìbò wà lọ́wọ́ àwọn babaláwo kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú: owó ẹyọ dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, eegun dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó wá dáfá a fi wọ́n pa mọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ kí Ifá lè mú ọ̀kan. Ìṣúná sì ni kí a ṣún owó ná, kí a má ná an ní ìnákúnàá. Bí a bá tò wọ́n pọ̀, iṣẹ́ káńsù ni wọ́n jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìbò káńsù kì í lágbára àfi bí ẹni tí ó ni owó bá lè béèrè ohun tí a fi í ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀ oòrùn Èkìtì. Ní Èrìjìyàn, bí ó ti rí ní Àrámọ̀kọ, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n, ọba kì í dá pinnu ọ̀ràn ìlú. Àwọn ìjòyè àti olórí àdúgbò a sọ̀rọ̀ títí ohùn yóò fi ṣọ̀kan. A kì í ka ọwọ́. Bí a bá sì pinnu pé kí a yẹ ọ̀nà tàbí kí a tún ààfin ṣe, olúkúlùkù ni yóò rí iṣẹ́ náà lójú ara rẹ̀. Ètò yìí ní àléébù: ohùn ọ̀dọ́ àti ti obìnrin kò tó nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìnáwó kò fara sin.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, àwọn ọba Èkìtì ń pé jọ láti ọdún 1900 nínú àpérò tí a mọ̀ sí Pẹ̀lúpẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni owó orí dé. Ẹni tí ó ti ń fi apá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í san owó sí àpò tí kò lè yẹ inú rẹ̀ wò. Láti ìgbà náà ni ìjà ti wà lórí ẹni tí ó láṣẹ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Abẹ́òkúta ni a ti kọ́kọ́ rí ìjà náà kedere. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń san owó orí tiwọn láti ọdún 1918, síbẹ̀ wọn kò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń ná an. Ní ọdún 1947, Funmilayo Ransome-Kuti kó wọn jáde lọ sí ààfin. Wọ́n fagi lé owó orí obìnrin. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Ademola Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, kí ó tó padà wá ní ọdún 1950. Àwọn obìnrin sì wọ inú ìgbìmọ̀ fìdíhẹ.

Ní ọdún 1952, nígbà tí Obafemi Awolowo jẹ́ mínísítà fún ìjọba ìbílẹ̀, Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ṣe òfin tí ó gbé káńsù àwọn tí a dìbò yàn kalẹ̀, tí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọba àti ìjòyè. Ṣùgbọ́n ìbò nìkan kò tó. Ní Ìbàdàn, Adegoke Adelabu di alága káńsù ní ọdún 1954. Ìwádìí tí E. W. J. Nicholson ṣe lórí iṣẹ́ káńsù náà mú kí ìjọba tú u ká ní ọdún 1956. Àwọn kan rí i bí ìtọ́jú owó ìlú, àwọn mìíràn rí i bí ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ìjọba tí ó wà lókè lè pa ìbò ìsàlẹ̀ rẹ́.

Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1966, kò sí káńsù tí a dìbò yàn mọ́, ṣùgbọ́n owó orí kò dúró. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ìṣọ̀tẹ̀ tí a ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé owó náà pọ̀, wọn kò sì rí ohun tí a fi í ṣe. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Nígbà tí kò sí ìbò, ìbọn ni ó sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà àtúntò ọdún 1976, owó tí ó ń bọ̀ láti àpò ìjọba àpapọ̀ ni ó wá di òpó káńsù. Ní ọdún 1991 ni a ya iṣẹ́ alága sọ́tọ̀ kúrò ní ti àwọn káńsẹ́lọ̀. Ní Àrámọ̀kọ, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Èkìtì tí Èrìjìyàn wà lábẹ́ rẹ̀, bí alága bá gbé àbá ìṣúná wá, àwọn káńsẹ́lọ̀ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwọn náà ni ó ń ṣe òfin lórí ọjà, ibùdókọ̀ àti ibi ìsìnkú, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ọdún 1999 ti fún wọn láṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà darí owó wọn gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ ń mójú tó. Kí ni ìwúlò ìbò lórí owó tí kò sí lọ́wọ́ ẹni? Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó náà máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, àti pé àwọn káńsù tí a dìbò yàn nìkan ni ó tọ́ sí.

Ẹjọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò parí iṣẹ́. Owó orí ni ó gbé àwọn obìnrin Ẹ̀gbá àti àwọn àgbẹ̀ dìde. Owó tí ó ti òkè wá kì í ta ẹnikẹ́ni jí. Ẹni tí kò san kì í béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni owó epo rọ̀bì jẹ́ tiwa bí owó orí ti jẹ́ tiwa. Nítorí náà, bí káńsù bá dìbò lórí ìṣúná, ó yẹ kí a kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó gbà àti ẹni tí ó kọ̀ sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ó wá dáfá ni a ti ń fi ìbò pa mọ́. Nínú ọ̀ràn owó ìlú, ẹ jẹ́ kí káńsẹ́lọ̀ la ọwọ́ tirẹ̀.