Àgbádárìgì: Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti Ọjà Ẹrú

Bí ẹgbẹ́ inú ìjọ kan bá wọ ọkọ̀ láti Lálúpọn, láti Ẹgbẹ́dá tàbí láti Mọ́níyà lọ wo Àgbádárìgì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọn a kọ́kọ́ béèrè. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àlùfáà C. A. Gollmer ti ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó kọ́ ọ létí ọ̀sà ní 1845, a sì kà á sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther ti ṣe nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa.

Kì í ṣe Àgbádárìgì ni àwọn òjíṣẹ́ náà ń lọ. Henry Townsend ti dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìn-ín-ní 1843, Ṣódẹkẹ́ sì ti gbà á tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Townsend, Gollmer àti Crowther gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1845, a sọ fún wọn pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ogun sì ti dí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dúró níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 18.

Kí àwa ọmọ ìjọ Àǹgílíkà má sì gbàgbé pé àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni ó ṣáájú wa. Thomas Birch Freeman dé ní oṣù kẹsàn-án 1842, ti òun ti William de Graft, a sì ń fi ibi igi Àgíà hàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti kọ́kọ́ wàásù. Igi náà wó ní 1959; ọwọ̀n ìrántí ni ó kù níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń yí padà sílé, èyí ni a kò sì fara mọ́. Ọjà ẹrú Vlekete kò jìnnà. Láti ìlú yìí ni a ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrú gba ọ̀sà kọjá sí Gbẹrẹfu, tí wọn a sì fi ẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn dé etí òkun. Nínú ilé ìdílé Mobee, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọn ṣì wà nílẹ̀. A lè lọ wo àwọn yàrá híhá ní àgbàlá Seriki Williams Abass pẹ̀lú. Ọmọ Yorùbá ni, a mú un lẹ́rú ní kékeré, a sì gbé e dé Bràsíl. Nígbà tí ó padà, òun náà di olówò ẹrú.

Ẹnìkan lè wí pé, “Àwọn òyìnbó ni ó ṣe èyí.” Àwọn ni ó rà, ta ni ó tà? Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn Ọ̀yọ́ wà nínú àwọn tí ó kógun ja Òṣogùn ní 1821, nígbà tí a mú un. Nígbà tí òwò òkun sì ń kú lọ, àwọn ológun Ìbàdàn ṣì ń kó ènìyàn bọ̀ láti ojú ogun, wọ́n sì ń fi wọ́n sí oko. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó kú ní 1874, ní ẹrú púpọ̀ lóko. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí àwa ń dáko sí lónìí, ọwọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣán an. Nínú wa pẹ̀lú, àwọn tí ìyá ńlá wọn jẹ́ ẹrú wà, bí a kò tilẹ̀ ń sọ ọ́ níta.

Ní oṣù kẹjọ 1846, lẹ́yìn tí Crowther ti kúrò ní Àgbádárìgì lọ sí Abẹ́òkúta, a mú ìyá rẹ̀ wá bá a. Ọdún 25 ni wọn kò ti fojú kan ara wọn, a sì ti ta ìyá náà lẹ́rú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ìgbà náà. Fún ìgbà díẹ̀ wọn kò lè fọhùn. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo ojú ara wọn.