Mímú Kápẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Gbẹ Lẹ́yìn Tí Omi Bá Wọ̀ Ọ́

Mímú kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ gbẹ ni iṣẹ́ yíyọ omi kúrò nínú aṣọ tí a tẹ́ sí ilẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, nínú tìmùtìmù tí ó wà lábẹ́ aṣọ náà, àti lórí páànù tí àwọn méjèèjì sùn lé, lẹ́yìn tí omi bá ti jò wọ inú ọkọ̀. Mẹkáníìkì, rẹwáyà tí í ṣe oníṣẹ́ iná ọkọ̀, àti ẹni tí ń rán ìjókòó ọkọ̀ ni iṣẹ́ náà pa pọ̀. Ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Orólú ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ní Ìlobùú tí ó múlé tì í, àsìkò òjò, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin tí ó sì ń lọ títí di oṣù Kẹwàá, ni omi òjò ń wọ ọkọ̀ jù, àsìkò náà gan-an sì ni ohun tútù kì í tètè gbẹ, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti kún fún omi kí a tó sá ohunkóhun.

Bí ilẹ̀ ọkọ̀ ṣe rí

Ojú kápẹ́ẹ̀tì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ jẹ́ òwú àtọwọ́dá tí kì í mu omi púpọ̀, ṣùgbọ́n fóòmù tàbí àkísà tí a lọ̀ tí a sì tẹ̀ pọ̀, tí iléeṣẹ́ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ láti dín ariwo àti ooru kù, máa ń fa omi mu, ó sì ń dì í mú. Ìdí nìyí tí ojú kápẹ́ẹ̀tì fi lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan nígbà tí omi ṣì wà nísàlẹ̀, tí òórùn rẹ̀ yóò sì jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Páànù ni ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn ihò kan sì wà lára rẹ̀ tí iléeṣẹ́ fi ìdérí rọ́bà dí.

Ibi tí omi ń gbà wọlé

Ẹ̀rọ amúlétutù, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ẹ́síì, wà lára àwọn orísun omi tí a kì í tètè fura sí. Omi inú afẹ́fẹ́ máa ń di ìrì sára irin tútù inú ẹ̀rọ náà, ìrì náà a sì gba ọ̀pá rọ́bà kékeré kan kán sí ilẹ̀ títì. Bí erùpẹ̀ tàbí ìdọ̀tí bá dí ọ̀pá yìí, omi náà a yà sínú ọkọ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ níbi ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Omi òjò ní tirẹ̀ ń gba etí gíláàsì iwájú tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ṣí, tàbí kòtò abẹ́ wáípà tí ewé igi ti dí nínú ọkọ̀ tí a ń gbé sábẹ́ máńgòrò. Ó tún ń gba inú ilẹ̀kùn: gbogbo ilẹ̀kùn ni òjò ń wọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni omi sì yẹ kí ó gbà jáde, ṣùgbọ́n bí ọ̀rá tí iléeṣẹ́ lẹ̀ mọ́ inú ilẹ̀kùn bá ti ya nígbà tí a ń tún ẹ̀rọ gíláàsì ṣe, omi a yí sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Orísun kan tún wà tí ìtàn Nàìjíríà dá sílẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni orílẹ̀-èdè yìí ti fi ọwọ́ òsì títì sílẹ̀ fún ọwọ́ ọ̀tún, nítorí náà a ní láti gbé ìdarí ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó bá ti Bìrìtìkó wá láti apá ọ̀tún sí apá òsì. Bí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò bá dí ihò tí ó kù lára páànù iwájú dáadáa, omi lè máa gba ibẹ̀ wọlé.

Àwọ̀ àti òórùn omi náà ń tọ́ka sí orísun rẹ̀. Omi ẹ́síì mọ́, kò sì ní òórùn. Omi rédíétọ̀ tí a po mọ́ kùláǹtì máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bí ohun dídùn. Láti mọ ibi tí òjò ń gbà, ẹnì kan a máa da omi sí ojú kan lẹ́ẹ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹnì kejì a sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ọkọ̀.

Ìlànà gbígbẹ

Dídí orísun omi ni ó ṣáájú, nítorí pé kápẹ́ẹ̀tì tí a mú gbẹ láìdí i yóò tún tutù. Lẹ́yìn náà ni a ó yọ máàtì, a ó fi aṣọ ìnura tẹ omi jáde tàbí kí a fi ẹ̀rọ fà á, a ó gbé etí kápẹ́ẹ̀tì sókè, a ó sì fi igi tàbí bíríkì gbé e dúró kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ti ọkọ̀ pa sínú oòrùn kí ooru lè gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìṣirò kò gbe èyí. Ní ìwọ̀n 30 °C, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú àyè tí ó gùn, tí ó fẹ̀, tí ó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan kò lè gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 30 omi lọ, inú ọkọ̀ kékeré kò sì ju irú àyè bẹ́ẹ̀ 3 lọ púpọ̀, nígbà tí lítà omi kan wọn gíráàmù 1,000. Ooru tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò mú kí afẹ́fẹ́ náà gba omi sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí ara ọkọ̀ bá tutù, omi yẹn a di ìrì sára gíláàsì, a sì padà sí kápẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀kùn ṣíṣí àti fáànù ni ó ń gbé omi jáde. Bí òjò kò bá jẹ́ kí a ṣí ilẹ̀kùn, a lè tan ẹ́síì tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí a sì yí i sí ibi tí yóò ti máa lo afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ nìkan, nítorí pé ó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ náà. Ìta gbangba ni kí a ti ṣe é, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì léwu. Nítorí èéfín kan náà, jẹnẹrétọ̀ tí ń gbé fáànù kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọkọ̀. Ní àkókò ọyẹ́, iṣẹ́ náà máa ń yá jù.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kún omi tí ó ti gba gọ́tà kọjá ni ó wọ ọkọ̀, fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kò ṣeé tọ́jú mọ́. A máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni. A kò gbọ́dọ̀ po omi bílíìṣì mọ́ ọtí kíkan, nítorí pé gáàsì olóró ni ó ń ti inú wọn jáde.

Wáyà àti ẹ̀rọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì

Apá yìí ni owó ń bá lọ jù. Ìdì wáyà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn ọkọ̀ kan sì wà tí ọ̀kan nínú àwọn àpótí tí ń darí iná wọn wà lábẹ́ ìjókòó. Omi kì í sábà ba àwọn wọ̀nyí jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹnu ibi tí wáyà ti so pọ̀ ni ó ń di aláwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀, títí iná ìkìlọ̀ yóò fi máa tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù láìsí ìdí tí ó hàn. Kí a tó tú ìjókòó, a gbọ́dọ̀ yọ orí bátìrì, kí a sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí pé wáyà aláwọ̀ ìyeyè tí a sábà máa ń rí lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti àpò afẹ́fẹ́ tí ń bú jáde nígbà ìjàm̀bá, agbára iná sì lè ṣẹ́ kù sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Gbogbo ẹnu wáyà tí omi kàn ni a ó tú, tí a ó nù, tí a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó dá iná padà. Páànù tí ó ti ń dípẹtà ni a ó ha, tí a ó sì kùn lọ́dà.

Ìbéèrè yíyọ kápẹ́ẹ̀tì

Èrò kò ṣọ̀kan lórí bóyá ó di dandan kí a yọ gbogbo kápẹ́ẹ̀tì jáde. Àwọn kan gbà pé láìyọ ọ́, fóòmù kò lè gbẹ tán, àti pé yóò bu, ìyẹn ni pé ohun funfun tàbí dúdú bí ìyẹ̀fun yóò hù lára rẹ̀. Àwọn mìíràn ní gbígbé etí rẹ̀ sókè tó, nítorí pé títú ìjókòó àti dáṣíbọ́ọ̀dù lè ṣẹ́ àwọn ìkọ́ tí kò rọrùn láti rí rà. Àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà gbà wá nímọ̀ràn pé kí a mú ohun tí omi rẹ gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48 kí ó má baà bu, ṣùgbọ́n ilé gbígbé ni wọ́n kọ ìmọ̀ràn náà fún, nítorí náà ìlànà ìṣọ́ra ni ó lè jẹ́ fún ọkọ̀, kì í ṣe òfin. Ó dà bí ẹni pé bí omi ṣe pọ̀ tó, àti bí ó ṣe mọ́ tó, ni ó yẹ kí ó pinnu: omi ẹ́síì díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan lè gbẹ láìyọ kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbèjà irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ̀kún omi ti dé.

Ìtàn àti ìwúlò

Ìjì Katrina ní ọdún 2005, Sandy ní ọdún 2012 àti Harvey ní ọdún 2017 rì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ sínú omi ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí tòkunbọ̀ ti ń wá sí Nàìjíríà. Nítorí náà, ìmọ̀ nípa kápẹ́ẹ̀tì wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀: iyanrìn lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, bóòtù ìjókòó tí ó ti dípẹtà, kápẹ́ẹ̀tì tuntun nínú ọkọ̀ àtijọ́, àti ìlà ẹrẹ̀ lára bẹ́líìtì ìjókòó nígbà tí a bá fà á jáde tán, jẹ́ àmì tí ó tó láti mú kí a béèrè ibi tí ọkọ̀ náà ti rin.