Òdòdó Inú Ìgò: Ìtàn Jáàmù Róòsì àti Àwọn Tó San Owó Ṣúgà Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a mọ̀ pé àkọlé yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Jáàmù tí a mọ̀ nílẹ̀ wa, láti ilé ìtajà ló ti ń wá. A ó fi ọ̀bẹ bù ú, a ó fi ra búrẹ́dì, a ó sì mu tíì lé e. Èso ni wọ́n fi ń ṣe é. Ta ló wá ń jẹ òdòdó? Ṣùgbọ́n òdòdó tí à ń wí yìí, àwọn àlàájì wa ti gbóòórùn rẹ̀ rí. Omi rẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ omi Samusamu láti fi wẹ inú Kábà, wọ́n sì ń gbìn ín lórí òkè Tọ́ìfù tí kò jìnnà sí Mẹ́kà. Róòsì ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ kò fi mọ sí òórùn nìkan. Wọ́n sọ ọ́ di jíjẹ, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé.

Àwọn ará Páṣíà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ. Lédè wọn, gul ni òdòdó, pàápàá róòsì. Angubin ni oyin. Òdòdó tí wọ́n pò mọ́ oyin ń jẹ́ gulangubin. Àwọn Lárúbáwá tí kò ní ìró "g" yẹn nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn sọ ọ́ di julanjubin. Nígbà tí ṣúgà gba ipò oyin, orúkọ mìíràn yọ: gul àti qand, ìyẹn ṣúgà tó dì, ó di gulqand. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pè é ní Íńdíà àti Pakísítánì títí di òní.

Orúkọ kan tún wà tí àwọn ọmọ iléekéwú wa yóò fẹ́ràn. Murabbá ni Lárúbáwá ń pe èso tàbí òdòdó tí a fi oyin tàbí ṣúgà tọ́jú pamọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bí i, rabbā, náà ló bí tarbiyah, ìyẹn títọ́ ọmọ. Ohun tí a tọ́ dàgbà ni murabbá. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìkòkò jáàmù rí yóò gbà pé orúkọ yìí bá a mu, nítorí bí ọmọ ni: bí a bá gbójú kúrò lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti bàjẹ́.

Kì í ṣe ilé ìdáná ni jáàmù róòsì ti gba òkìkí láyé ìgbà náà, bí kò ṣe ọwọ́ àwọn oníṣègùn. Ní Bàgídáàdì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, al-Kindi kọ ìwé lórí bí a ti ń ṣe lọ́fínńdà àti bí a ti ń fi iná yọ omi òdòdó. Ó sì tún kọ òmíràn lórí àwọn àpòpọ̀ oògùn. Ṣùgbọ́n Ibn Sina, ẹni tí a bí ní 980 tó sì kú ní 1037, ló sọ ìtàn tó wù wá jù. Nínú ìwé ńlá rẹ̀, al-Qanun, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó sọ nípa obìnrin kan tí àìsàn náà ti dá dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tó fi di pé wọ́n ti ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò tọ́jú ohun ìsìnkú. Arákùnrin rẹ̀ kan dúró tì í, ó ń fún un ní julanjubin fún ọjọ́ gbọọrọ. Obìnrin náà yè, ó sanra. Ibn Sina ní òun kò lè sọ iye jáàmù tó jẹ, nítorí ẹ̀rù ń ba òun kí àwọn ènìyàn má pe òun ní òpùrọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi wá gbọ́ o. Oògùn ilé ìwòsàn ni wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ lónìí, kì í ṣe jáàmù. Ohun tó jẹ wá lógún nínú ìtàn náà ni arákùnrin yẹn. Ṣúgà ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn ń bù sínú tíì. Ohun olówó iyebíye ni, ẹ̀gbẹ́ oògùn àti tùràrí ni wọ́n ń tò ó sí. Kí ènìyàn tó ra èyí tí aláìsàn yóò máa jẹ lójoojúmọ́, owó ti lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le, sùúrù ló gbà. Òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ni wọ́n ń já róòsì, nítorí oòrùn a máa gba òórùn rẹ̀ lọ. Irú èyí tí wọ́n fi orúkọ ìlú Damásíkù pè ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí ó ń ta sánsán. Wọn á tú awẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á gé ìdí awẹ́ náà tó funfun sọnù, nítorí ó korò. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Ọ̀nà ti Íńdíà kò fẹ́ iná rárá: wọn á tẹ́ òdòdó sínú ìgò, wọn á da ṣúgà lé e, wọn á tún tẹ́ òdòdó, wọn á tún da ṣúgà, títí ìgò yóò fi kún. Oòrùn ni yóò sè é. Wọn á gbé e síta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn á máa rò ó látìgbàdégbà, títí òdòdó yóò fi rọ̀, tí omi rẹ̀ yóò sì yọ́ ṣúgà náà.

Ọ̀nà ti Tọ́kì ni ti orí iná. Wọn á fi ọwọ́ fún òdòdó náà pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀ kí ó lè rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọn á sè é pẹ̀lú omi àti ṣúgà tó kù. Nígbà tí òdòdó bá kọ́kọ́ wọ omi gbígbóná, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú oòrùn, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, pupa rẹ̀ á sì padà lójú ẹsẹ̀, nítorí aró inú òdòdó náà a máa pọ́n bí ó bá pàdé ohun kíkan. Kì í sábà dì gan-an, nítorí òdòdó kò ní ohun tí ń mú jáàmù èso dì. Bí oyin ló ń ṣàn. Ohun tí kò jẹ́ kí ó tètè bàjẹ́ ni pé ṣúgà púpọ̀ ti gba omi inú rẹ̀, kòkòrò tí ń ba oúnjẹ jẹ́ kò sì rí omi lò. A sì gbọ́dọ̀ kìlọ̀: róòsì tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ ilé lè ní oògùn apakòkòrò lára, àwọn òdòdó kan nínú ọgbà wa sì jẹ́ májèlé pọ́ńbélé. Kì í ṣe gbogbo òdòdó ni ti ẹnu.

Ní ààfin Topkapı ní ìlú Istanbul, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní helvahane. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ohun dídùn fún ààfin, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń po oògùn. Ìkòkò ìṣègùn àti ìkòkò jáàmù kò tíì kọ ara wọn sílẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n mọ̀ mọ́ róòsì jù lónìí ní Tọ́kì, Isparta, kò tilẹ̀ tíì pẹ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni Müftüzade İsmail Efendi gbìn ín síbẹ̀, ó sì rí òróró àkọ́kọ́ yọ nínú rẹ̀ ní 1892.

Àwọn ará Yúróòpù gba ìmọ̀ náà láti inú ìwé. Gerard ará Cremona túmọ̀ al-Qanun sí èdè Látìn ní Toledo ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, àwọn apòògùn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú róòsì oníṣúgà sínú ìṣà. Nostradamus pàápàá, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí aríran, gbé ìwé jáde ní 1555 tí apá kan rẹ̀ dá lórí jáàmù ṣíṣe.

Báwo wá ni oògùn olówó gọbọi yìí ṣe di ohun tí ọmọdé ń fi jẹ búrẹ́dì? Ṣúgà ló di ọ̀pọ̀. Ibí yìí ni ìtàn náà ti korò. Àwọn Potogí gbin ìrèké sí erékùṣù Madeira, wọ́n gbìn ín sí São Tomé, lẹ́yìn náà wọ́n sọdá sí Bùràsíìlì. Ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi ń gé e, tí wọ́n fi ń fún un, tí wọ́n fi ń sè é. A kò ní fi òtítọ́ pamọ́ nítorí ẹ̀sìn: oko ìrèké ilẹ̀ Mòrókò nígbà ọba Ahmad al-Mansur, láàárín 1578 sí 1603, lo ẹrú bákan náà. Ṣùgbọ́n ti Bùràsíìlì ló kó àwọn ènìyàn tiwa lọ.

Ìrèké wà lára ọrọ̀ Bàíà. Nínú àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀, ọmọ Yorùbá pọ̀, àwọn ìmàle sì wà nínú wọn, tí àwọn Potogí ń pè ní Malê. Ọ̀kan ni Pacífico Licutan, àlùfáà tó ń jẹ́ Bilal láàárín àwọn Mùsùlùmí. Kì í ṣe oko ló wà. Ìlú Salvador ló ti ń wé tábà fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ dá owó jọ láti rà á padà, ọ̀gá rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí ọ̀gá yìí jẹ gbèsè, Licutan ni wọ́n tì mọ́lé bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé ta. Inú túbú ló wà ní ọjọ́ 25, oṣù kìn-ín-ní, 1835, nínú oṣù Ramadan, nígbà tí nǹkan bí 600 ènìyàn dìde ogun ní Salvador. Ara ohun tí wọ́n pinnu ni láti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú oko ìrèké. Wọn kò dé ibẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ, tí wọ́n bá lára àwọn tó kú àti àwọn tí wọ́n mú, ṣì wà nípamọ́ ní Bàíà. Wọ́n dá ẹgba fún Licutan, ẹni tí kò sí lójú ìjà.

Ohun mìíràn tún wà tó ti Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ ìrèké: ìsápá, tí wọ́n ní àwọn ẹrú ló gbé èso rẹ̀ dání. Wọ́n ti ń gbìn ín ní Bùràsíìlì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, ó sì ti wà ní Jàmáíkà ní 1707. Irú èyí tó pupa, tí a ń sè fún zobo, òun ni wọ́n fi ń ṣe jáàmù. Ní 1892, ilé iṣẹ́ méjì ló ń ṣe é ní Queensland, ní Ọsirélíà, tí wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí Yúróòpù. Lọ́dọ̀ tiwa tí a ń fi funfun rẹ̀ se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, a kò ronú kan ìgò.

Àwa náà dán an wò. Gbígbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà la kọ́kọ́ rà. A sè é pẹ̀lú ṣúgà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò dì, zobo tó ki la rí mu. Ìgbà tó yá la mọ àṣìṣe wa. Koko aláwọ̀ ewé tó wà láàárín òdòdó náà, tí àwọn tó ń sá a máa ń yọ sọnù, inú rẹ̀ gan-an ni ohun tí ń mú jáàmù dì wà. A lọ wá tútù rẹ̀ lóko. A se koko náà lọ́tọ̀, a sẹ́ omi rẹ̀, omi yẹn la fi se awẹ́ pupa pẹ̀lú ṣúgà. Ó dì. Ìgò mẹ́ta ló kún, ìkẹta kò sì di ọjọ́ kejì kí àwọn ọmọdé tó fi ìka nu ìdí rẹ̀.