Ta Ló Kọ́kọ́ Dín Ọjọ́ Orí Juliet Kù?

Inú máa ń bí àwọn kan tí wọ́n bá rí Romeo àti Juliet nínú ṣòkòtò jíìnsì, bí ẹni pé wọ́n ń ba ogún bàbá wọn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ Shakespeare kọ́ ló dá ìtàn náà sílẹ̀. Lọ́dún 1562 ni Arthur Brooke ti fi ewì gígùn sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 16 sì ni Juliet tirẹ̀. Shakespeare ló sọ ọ́ di ọmọ tí kò tíì pé 14, tó sì ká ìfẹ́ olóṣù mélòó kan kò sáàárín ọjọ́ díẹ̀.

Wọ́n á ní èdè lẹwà eré náà, pé bí a bá yọ ọ́, eegun lásán ló kù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù Hollywood tó gbé irú eré bẹ́ẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ girama, eegun náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo West Side Story, tó dé Broadway lọ́dún 1957, níbi tí àwọn ọmọ ìta New York, Jets àti Sharks, ti rọ́pò ìdílé Romeo àti ti Juliet ní Verona. Nínú eré àtijọ́, ìbẹ̀rù àjàkálẹ̀ àrùn ló dá lẹ́tà tó yẹ kó dé ọwọ́ Romeo dúró: wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àlùfáà tó ń mú un lọ. Ní New York, Anita, ọ̀rẹ́ Maria tó dúró fún Juliet, ló ń jíṣẹ́. Àwọn Jets dí i lọ́nà nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bú ẹ̀yà rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fipá bá a lò, ló bá fìbínú parọ́ pé Maria ti kú. Lójú tèmi, èyí mú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò sí kádàrá tí wọ́n lè di ẹ̀bi rù mọ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é.