Ìwakùsà Dátà: Láti Orí Kàǹtà Ọjà Dé Ètò Novissi ní Tógò

Ìwakùsà dátà ni iṣẹ́ fífi kọ̀ǹpútà wá ìlànà tó fara sin sínú àkọsílẹ̀ tó pọ̀ ju ohun tí ojú ènìyàn lè kà tán. Ní 1989, Gregory Piatetsky-Shapiro pe ìpàdé àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ ní Detroit. Ní 1993, Rakesh Agrawal àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM fi hàn bí a ṣe lè mọ ọjà táwọn oníbàárà máa ń rà pọ̀. Ọ̀nà mìíràn ń kó ohun tó jọra jọ sójú kan. Èyí tó wúlò jù fún ìjọba ni lílo ìwọ̀nba àpẹẹrẹ tí a mọ òdodo rẹ̀ láti fi díwọ̀n ẹgbàágbèje tí a kò mọ̀.

Ohun tí Tógò lò nìyẹn. Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dá òwò àwọn tó ń jẹun òòjọ́ dúró, ìjọba dá ètò Novissi sílẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù. Lomé, olú-ìlú, ló kọ́kọ́ jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ìgbèríko, ta ni tálákà jù? Ìkànìyàn tó gbẹ̀yìn nígbà náà jẹ́ ti 2010. Olùwádìí Joshua Blumenstock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àjọ aláàánú GiveDirectly, kọ́kọ́ fi àwòrán sátẹ́láìtì yan 100 káńtọ́ọ̀nù (ìpín agbègbè kékeré) tí ìṣẹ́ pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù.

Ká ní ìyá ọlọ́jà kan ní Atakpamé, ìlú àwọn Ifẹ̀ Tógò, pe oníbàárà rẹ̀ ní Lomé. Ohun tó sọ kò sí nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìgbà tó pè, bó ti pẹ́ tó, nọ́ńbà tó pè àti òpó tó gbé e. Ìpè kan ṣoṣo kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bi nǹkan bí 10,000 ènìyàn léèrè lórí fóònù, ní oṣù kẹsàn-án 2020, nípa bí wọ́n ṣe ń gbé. Kọ̀ǹpútà wá fi ìdáhùn wọn wé ìlò fóònù wọn, ó sì fi ohun tó rí díwọ̀n àwọn tó kù, tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù 5.

Àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2022. Àṣìṣe fífi tálákà sílẹ̀ dín ní ìdá 4 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún ju bí wọ́n bá fi agbègbè nìkan yàn. Síbẹ̀, ìwádìí kan náà sọ pé ìwé ìforúkọsílẹ̀ pípé nípa ipò gbogbo ìdílé, ká ní ó wà, ìbá ṣe é dáadáa ju fóònù lọ. Ẹni tí kò sì ní káàdì SIM kò sí nínú dátà rárá, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ni ìyà ń jẹ jù.